Ohun tí Jẹ́nsinmi Ń Wò Lábẹ́ Igi Ìyeyè

                                                            Ilé Ọ̀ṣuntókun,
                                                            Àdúgbò Afào,
                                                            Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
                                                            Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1998.

Motọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àtijọ́ o. O kú iṣẹ́, o kú ọmọ, o kú ooru Àkúrẹ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Tèmídayọ̀ tèmi, tí kì í jẹun àfi bí wọ́n bá fi ìtàn tàn án? Màmá rẹ ní Ògòtún ńkọ́? Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó wọ mọ́tò bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn pé wọ́n ti ń dé ìdí kòkó wọn padà. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí orúnkún àgbà kì í ṣe nǹkan àfiṣeré.

Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Bàbá Iyì wà lẹ́nu iṣẹ́ tísà rẹ̀, Iyìolúwa wà níléèwé tó ń gbé, ara Ìyá ọkọ mi náà sì le. Má rò pé mo kàn kọ ìyẹn bí a ti máa ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà o. Láìpẹ́ yìí, mi ò lè kọ irú rẹ̀ kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá àti ti ajá mi gan-an ló jẹ́ kí n gbé bírò lónìí, bí mo ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí mo sì jẹun tán. Jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Ìwọ lo sọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí a jẹ́ ti Èkìtì palẹ̀ mọ́ kúrò ní Àkúrẹ́, pé òkúta nìkan ni n ó máa wò ní Ìkẹ́rẹ́ títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, àmọ́ ó dùn mí wọnú. Àárọ̀ ni mo ń wọ mọ́tò lọ sí Adó, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. Nígbà tí epo bẹtiróò bá tún wọ́n, a ó dúró lẹ́bàá títì títí oúnjẹ àárọ̀ á fi dà nínú wa. Ìpínlẹ̀ tuntun dùn ún pè lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọ́fíìsì àtijọ́ ni ẹ ní àga.

O rántí àwọn ajá wa méjèèjì tí a kó sẹ́yìn lọ́rì lọ́jọ́ tí à ń kó bọ̀. Jẹ́nsinmi ni abo pupa tó ti ń hewú lẹ́nu, tí Bàbá Iyì sọ lórúkọ nígbà tí àwọn ẹbí kò yé béèrè ọmọ kejì lọ́wọ́ wa. Ṣé o mọ̀ pé ohun tí ẹnu bá wúwo láti sọ fún aládùúgbò, ajá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ìbéèrè náà kò dáwọ́ dúró, a ra èkejì, akọ dúdú, a sì sọ ọ́ ní Kòkànyín. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbí tí mo pariwo pe àwọn méjèèjì pọ̀, àfi bíi pé mò ń bá gbogbo àdúgbò Afào jà. Ìyàwó ìjòyè kan tilẹ̀ ti bi Ìyá léèrè rí bóyá òun ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀yìnkùlé wa kò ní ògiri. Ibi tí ewúro àti ìbẹ́pẹ Ìyá parí sí ni oko kòkó àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kòkó náà parí sí ni igbó, igbó sì gun ẹsẹ̀ òkè lọ. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ti bọ́ bàtà, tí àwọn ajá á wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Láti ibẹ̀, mò ń wo orí òkè Olósùnta bí ó ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àárẹ̀ ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, bí mọ́tò wa bá pẹ́ lọ́nà, inú ni yóò máa bí mi pé wọ́n fẹ́ gba ìrọ̀lẹ́ mi lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ mú mi. Láti kékeré la ti ń ṣe àdúrà pé àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Mo ti ṣe é níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti ṣe é níbi ìgbéyàwó tìrẹ gan-an. Ṣùgbọ́n Motọ́láyọ̀, ṣé o ti rí àlùkò rí? Mi ò rí i rí. Lọ́jọ́ kan, Jẹ́nsinmi gbé orí sókè, mo bá a wo ibi tó ń wò, mo sì rí ẹyẹ kan lórí igi, ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. Mo ní ẹyẹ lásán ni. Lẹ́yìn náà ló na ìyẹ́ láti fò, gbogbo abẹ́ ìyẹ́ náà sì pọ́n yòò, osùn gidi! Mo dìde dúró láì mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe àdúrà yẹn, mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé lé Jẹ́nsinmi lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ni mo fi ń mọ ibi tí n ó wò. Bí etí ọ̀tún bá nà, ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí kòkó nìyẹn, ó ń da ẹ̀pà Ìyá tó jí kó rú láàárín ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń ka ṣílè. Bí ó bá fi imú gbá ilẹ̀, òkété ló ń yọjú lẹ́nu ihò. Ó fi ọ̀gà hàn mí lára ewúro, èyí tí mo ti fi ọwọ́ kọjá lára rẹ̀ nígbà tí mò ń já ewé láì rí i. Ó fi awọ́nrínwọ́n hàn mí, tó ń wọ́ lọ síbi omi pẹ̀lú ọlá, kò kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Kòkànyín ní tirẹ̀ fẹ́ lé gbogbo wọn. Jẹ́nsinmi á kàn kùn mọ́ ọn nínú ọ̀fun, kò ní gbó, ìyẹn náà á sì jókòó bí ọmọ tí wọ́n bá wí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ajá inú ilé ni, kò sí ọdẹ kankan tó ni ín rí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ rèé. Igi ìyeyè ńlá kan wà níbi tí ọgbà wa ti fẹ́ di oko kòkó. Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá ọkọ mi máa ń gbé àga lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ayé wọn, wọn á máa jẹ obì. Sàréè wọn náà kò jìnnà sí i. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ bá ti ń fẹ́ ṣú, Jẹ́nsinmi á dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á lọ jókòó síwájú igi yẹn, á gbójú sókè. Kò ní gbó. Kò ní mira. Ìrù rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó mọ̀ bá ń bọ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì mi, mi ò rí nǹkan kan.

Ìyá rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré, pé ojú ajá ń rí ohun tí ojú èèyàn kì í rí, àti pé ẹni tó bá fi ipin ojú ajá ra ojú yóò rí òkú ọ̀run kedere. Ìyá gbà pé Bàbá ni Jẹ́nsinmi ń kí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù òkú ń bà wọ́n o. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí Bàbá bá ń padà wá sí abẹ́ ìyeyè ní alaalẹ́, a jẹ́ pé wọn kò rí ibi sinmi níbi tí wọ́n lọ, a sì jẹ́ pé ohun kan wà tí àwọn tí í ṣe ìyàwó kò ṣe dáadáa nígbà ìsìnkú. Wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Wọ́n yí ibùsùn wọn padà kí orí má bàa kọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò sì wá já ewúro ara wọn mọ́, àfi kí n bá wọn já a. Ìyá tí ohùn wọn máa ń jí wa láràárọ̀ wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ara wọn.

Nígbẹ̀yìn, Ìyá ní kí ajá náà kúrò. Wọ́n ní bí kò bá sí ẹni tó ń kí Bàbá níbẹ̀, bóyá wọn á gba ọ̀nà wọn lọ. Ezekiel aládùúgbò wa ló gbọ́. Takisí ló ń wà lọ sí Isẹ̀ àti Ẹmùré, ìbọn ló sì ń gbé wọgbó ní òpin ọ̀sẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀, òun yóò wá fà á lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kò sọ ibi tó ń fà á lọ, kò sì sí ẹni tó bi í, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ajá tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ni wọ́n máa ń fà á lọ. Bàbá Iyì wo ojú mi, ó wo ti ìyá rẹ̀, ó ní ajá kò lè ju ìyá òun lọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo sọ fún ara mi pé ajá tó ti fi nǹkan hàn mí tó báyìí, kò yẹ kí wọ́n mú un lọ kí n má mọ ohun ìkẹyìn tó ń wò. Mo kúrò lórí bẹ́ǹṣì, mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú igi. Kòkànyín tẹ̀ lé wa, ó fi ara ti itan mi. Sàréè Bàbá wà ní apá òsì mi, mò ń rọra kọ orin ìsìn sínú, mo sì ti pinnu pé bí mo bá rí fìlà Bàbá pẹ́nrẹ́n, n ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé Adó.

Etí Jẹ́nsinmi nà. Mo gbójú sókè. Ihò kan wà lókè lára igi náà, níbi tí ẹ̀ka kan ti ya kúrò nígbà kan rí. Nǹkan kan yọ níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Imú ni. Orí kékeré tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìpẹ́ lórí ìpẹ́, bí ti ẹja, àmọ́ ó le ju ti ẹja lọ, a sì tò ó létòlétò tó fi jẹ́ pé mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti ṣì ẹsẹ̀. Akika ni, Motọ́láyọ̀! Akika láàyè, ní ẹ̀yìnkùlé wa. Èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tí wọ́n máa ń so rọ̀ lẹ́bàá títì fún àwọn onímọ́tò, tó ti ká kò bí òṣùká. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń rìn.

Ó fi ìrù gígùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, orí ló fi ṣíwájú. Ó ń dúró, ó ń fi èékánná tú èèpo igi, ahọ́n rẹ̀ á yọ, á wọlé, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rò pé ejò kékeré kan ló ń jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kù bà lé e lára, ìpẹ́ rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó yí ẹ̀yìn sí wa ni mo rí ohun tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọmọ kan lẹ̀ mọ́ ìdí ìrù rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá a mú, ìpẹ́ tirẹ̀ funfun, ó rọ̀ lójú. Bí ìyá bá gbé ẹsẹ̀, orí ọmọ á mì. Bí ìyá bá dúró, ọmọ á gbójú wo ayé.

Wọ́n dé ilẹ̀. Ìyá akika dúró, ó kọ ojú sí Jẹ́nsinmi. Kò sí ju ibi tí èèyàn lè na ọ̀pá dé lọ láàárín wọn. Mo di Kòkànyín lẹ́nu mú, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ gbìyànjú. Jẹ́nsinmi rọra fi àgbọ̀n rẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ìrù rẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akika náà gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó wọ inú kòkó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí mi ò fi rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ nípa títóbi Ọlọ́run, mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, pé mo ti rí ohun tí yóò gba ajá mi sílẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ni inú mi ti bàjẹ́ padà. Bí mo bá lọ sọ fún Ìyá pé akika ni, odindi ilé yóò gbọ́. Ògiri kan náà ni ilé ìdáná wa àti yàrá Ezekiel jọ ní. Akika ni ẹran tí ọdẹ ń wá bí ojú, àwọn kan ń fẹ́ ẹran rẹ̀, àwọn kan ń fẹ́ ìpẹ́ rẹ̀ fún oògùn. Ilẹ̀ kò ní mọ́ kí wọ́n tó yọ ìyá àtọmọ nínú ihò. Bí mo bá sì dákẹ́, Jẹ́nsinmi lọ nìyẹn. Kí n gba ajá, kí akika kú. Kí n gba akika, kí ajá kú. Báwo ni ìwọ ì bá ti ṣe é? Mi ò sọ nǹkan kan fún Bàbá Iyì pàápàá, nítorí kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá. Mi ò sọ ohun tí mo rí, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà, wọ́n sì lè rò pé mò ń wá irọ́ fi gbèjà ajá mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí Ezekiel tó dé. Mo ní bí ó bá jẹ́ Bàbá ni, èmi fúnra mi ni n ó so okùn mọ́ Jẹ́nsinmi lọ́rùn. Ìyá ní bí ó bá jẹ́ Bàbá ni, ó yẹ kí àwọn lè bi wọ́n léèrè ohun tó kù. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ ká mi lára. Mo gbé àga wọn lọ sábẹ́ ìyeyè, àwọn sì gbé Bíbélì.

Ojú dídì ni Ìyá fi jókòó, ètè wọn ń jó lórí àdúrà. Nígbà tí etí Jẹ́nsinmi nà, mo fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n la ojú. Akika ti yọ dé àyà, ó ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ti àná, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fún un tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka mi fi wọ̀ mí lára. Ẹranko náà dé àárín igi.

Wọ́n ní, “Yéè! Ó mà pọnmọ.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bojú wo sàréè, omi sì ń dà lójú wọn. “A jẹ́ pé Bàbá ti sùn. Ìyàwó mi, Bàbá ti sùn.”

Ibi tí a wà nìyẹn tí fèrè takisí Ezekiel fi dún níwájú ilé. A gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yí ilé bọ̀. Akika ṣì wà lára igi, gbangba, ó ti dúró gbọnyin. Bí Ezekiel bá yọ sí igun ilé ìdáná, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà nìyẹn. Ìyá ló dìde. Ìyá tí a máa ń fà lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè kúrò lórí àga, wọ́n dìde wuuru, wọ́n lọ pàdé rẹ̀ ní igun ilé, ọwọ́ wọn méjèèjì lókè.

“Ezekiel, má kọjá ibẹ̀ yẹn! Dúró sára ulé!”

“Kí ló dé, Ìyá? Ajá náà ni mo wá mú.”

“Mo ti rí ohun tí ajá ń rí.”

Ohùn Ezekiel wálẹ̀. “Ṣé Bàbá ni, Ìyá?”

“Bàbá ti sùn. Kì í ṣe Bàbá. Inú ugi ló ti jáde, orí ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sì pọnmọ.”

“Ó pọn kí ni?”

“Ọmọ! Ó pọnmọ, kò fọhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sí Ìkẹ́rẹ́ yìí, n ò rí irú ẹ̀ rí.”

Ezekiel wá bi Ìyá léèrè, wúyẹ́wúyẹ́, kí ni kí òun wá ṣe sí ọ̀rọ̀ ajá.

Ìyá ní, “Bí o bá mú un lọ, ìwọ ni yóò máa wá jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, àbí?”

Motọ́láyọ̀, mi ò rí Ezekiel, mo kàn gbọ́ ọ ni. Mo gbọ́ bí okùn ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbọ́ mọ́tò tó ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò ní iwájú ilé. Kò tíì padà wá mú okùn náà di òní, òun ni mo sì fi ń sá aṣọ. Nígbà tí Ìyá padà dé ìdí igi, akika ti bọ́ sílẹ̀ ó ti lọ, Jẹ́nsinmi ti na gbalaja. A wo ara wa, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí Ìyá fi di ìdí igi ìyeyè mú kí wọ́n má bàa ṣubú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá nìkan lọ sí ibi sàréè. Mi ò tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n béèrè iyán, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀ tó. Inú mi dùn sí ẹ̀bi ọbẹ̀ yẹn ju bí ẹni pé wọ́n ra aṣọ fún mi lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń wá ṣẹ́gi nínú kòkó wa mọ́. Àwọn ìyá ìjọ ti yí Ìyá ká ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, Ìyá sì ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni, ẹnu àwọn kò gbà á. Ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù wọn. A mú Bàbá Iyì lọ ní Mọ́ńdè. Ó dúró lẹ́yìn wa, ó ṣí fìlà, kò sì dé e padà títí a fi wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, àga Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn ni wọ́n tún ń gé ẹran inú ọbẹ̀ wọn sí méjì fún Jẹ́nsinmi, tí Kòkànyín sì ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo bẹ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dé etí ọkọ rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo mọ bí ó ṣe fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ tó.

Ọkàn mi kò kúkú balẹ̀ tán lórí bí a ṣe dẹ́rù ba Ezekiel, nítorí aládùúgbò rere ni. Ní àná, nígbà tí ìyá àtọmọ ti kọjá lọ tán, tí a ṣì jókòó, mo sọ ọ́ fún Ìyá. Mo ní, ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ kì í purọ́, ṣé ẹ kúkú mọ̀ pé akika ni. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ibi tí ẹranko náà gbà wọ inú kòkó.

Wọ́n ní, “Irọ́ wo ni mo pa? Bí mo bá wí fún un pé akika ni mo rí, ẹran ọbẹ̀ ni yóò gbọ́, ìyẹn gan-an ni ì bá jẹ́ irọ́.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì kí Màmá ní Ògòtún nígbà tí o bá délé. Ìyá ní kí n kí ọ, ilẹ̀ ti ń fẹ́ ṣú, wọ́n ń pè mí.

                                                            Èmi ni, tìrẹ títí láé,
                                                            Mojírádé